Ihò Tí A Fi Sìmẹ́ǹtì Dí

Sátidé, 4 oṣù Kẹta

Ìdánrawò àkọ́kọ́ ikọ̀ kíríkẹ́ẹ̀tì obìnrin wa fún sáà yìí. Nígbà tí a ká tapólì kúrò lórí àárín, ibi tí bọ́ọ̀lù ti máa ń balẹ̀ kó tó ta sí onípátákó tó máa gbá a, a bá ihò kan níbẹ̀ tó fẹ̀ tó abọ́ ìfọwọ́. Omi òjò ló gba abẹ́ tapólì wọlé. Iwájú igi mẹ́ta tí onípátákó ń ṣọ́ ní ẹ̀gbẹ́ géètì ló wà, ibi gan-an tí bọ́ọ̀lù gidi máa ń balẹ̀ sí bí èèyàn bá jù ú láti ẹ̀gbẹ́ ògiri.

Àǹtí Tíṣà, igbákejì mi, ní kí a kọ̀wé sí àwọn tó ni pápá. A kọ̀wé sí wọn lọ́dún tó kọjá nítorí ilé ìyàgbẹ́, títí di òní ilé aládùúgbò la ṣì ń tọrọ. Mo ní èmi ni balógun ikọ̀ yìí, a ó dí i fúnra wa.

Ìjì, àbúrò mi obìnrin, ń ju bọ́ọ̀lù bíi pé bọ́ọ̀lù jẹ ẹ́ ní gbèsè. Èmi tí mo ń dúró lẹ́yìn igi gbà á ni kí wọ́n bi, àtẹ́lẹwọ́ mi ṣì ń ta mí. Ikọ̀ ló fún un lórúkọ yẹn. Nílé, àbígbẹ̀yìn màmá mi ni, ó sì máa ń jẹun tán kó fi àwo sílẹ̀ fún àwọn áńgẹ́lì.

Túsìdeè, 7 oṣù Kẹta

Mo fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún ọmọṣẹ́ mi lọ́sàn-án. Oníbàárà méjì ló ń dúró de irun wẹ́wẹ́, wọ́n sì kùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kùn.

Amọ̀ dúdú tó yẹ ká fi dí ihò náà jìnnà, ọlọ́kọ̀ sì ń pe owó tí mi ò lè dáhùn. A bu ilẹ̀ pupa lẹ́yìn ilé-ìwé Àǹtí Tíṣà. Mo wo ilẹ̀ pupa yẹn, mo ní òjò kan péré á gbé e lọ. Bírìkìlà lọkọ mi, ààbọ̀ àpò sìmẹ́ǹtì sì ṣẹ́kù níbi iṣẹ́ rẹ̀. Èmi ni mo ní kó gbé e wá. Ó pò ó mọ́ ilẹ̀ pupa, ó dà á sínú ihò, ó sì rẹ́ ẹ bí ẹni ń rẹ́ pálọ̀. Nígbà tó parí, ó dán débi pé Àǹtí Tíṣà ní kó wá bá òun rẹ́ ilé ìdáná. Ọ̀rọ̀ tí ọ́fíìsì ẹlòmíì ò bá gbé lọ gbé bọ̀ títí ọdún á fi yí, a parí rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Inú mi dùn.

Sátidé, 18 oṣù Kẹta

A na ikọ̀ Ilé Ìwòsàn. Ìjì nìkan mú onípátákó márùn-ún jáde. Mo ń kọ èyí pẹ̀lú yìnyín nínú aṣọ lórí àtẹ́lẹwọ́ mi.

Bí mo ṣe rí i láti ẹ̀yìn igi nìyí. Bọ́ọ̀lù tó bá balẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a dí á wá jẹ́jẹ́, sí ìbàdí. Èyí tó bá bà lé ibi tí a dí gan-an á fò sókè bíi pé nǹkan ta á. Ọ̀kan gba etí onípátákó kọjá, ó gba orí èmi náà kọjá, ó lọ gbá géètì gbàà. Lẹ́yìn ìyẹn, onípátákó kì í dúró dáadáa mọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti máa wá ọ̀nà ilé, bọ́ọ̀lù tó bá tẹ̀ lé e á kàn wó igi rẹ̀ ni. Nígbà tó kan àwa láti di pátákó mú, a ti mọ ibi tó wà. À ń bọ́ síwájú, à ń gbá bọ́ọ̀lù kó tó débẹ̀.

Àwọn ọmọ ikọ̀ ti sọ ibẹ̀ lórúkọ. Àlejò ni wọ́n ń pè é, torí pé kì í ránṣẹ́ kó tó dé. A rẹ́rìn-ín títí. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Mọ́ńdè, 20 oṣù Kẹta

Ìròyìn dé. Aláṣàyàn, màmá tó ń ṣa àwọn ọmọbìnrin tó ń wọ ikọ̀ orílẹ̀-èdè, máa wá wo ìdíje wa tó kẹ́yìn nílé, 29 oṣù tó ń bọ̀. Ìjì ló ń bọ̀ wá wò. Ẹni tí wọ́n bá mú á lọ sí ibùdó, wọ́n á máa bọ́ ọ, wọ́n á máa sanwó fún un, iṣẹ́ rẹ̀ ò ní ju kó ju bọ́ọ̀lù lọ. Láti ìgbà tí Ìjì ti jáde ilé-ìwé, páálí ló ń tò ní ilé ìkẹ́rùsí. Ẹ̀yìn ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún bí ẹ̀yìn àgbàlagbà.

Kò lè jẹun. Ó jókòó, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Mo ní kó dìde wá fọ àwo. Ó ní ọwọ́ orílẹ̀-èdè kì í kan ọṣẹ.

Sátidé, 25 oṣù Kẹta

Pápá àwọn Olùkọ́. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú bíi tábìlì. Ìjì ju bọ́ọ̀lù títí ó fi rẹ̀ ẹ́, kò mú ẹnì kankan jáde. Wọ́n nà wá. Ó ní bàtà ló ń pa òun lẹ́sẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, bàtà ni.

Sátidé, 1 oṣù Kẹrin

Ooru. Omi inú ike ti gbóná kí a tó gbá a dé ìdajì. Ikọ̀ Ilé Ìfowópamọ́ ló wá bá wa.

Ìjì ti mú mẹ́ta jáde nígbà tí Kaṣíà bọ́ sí pápá. Oníbàárà mi ni, mo ti ń di irun rẹ̀ láti ìgbà tó ti wà nílé-ìwé. Akoto méjì péré ni ikọ̀ wọn ní, irin tó ń bo ojú ọ̀kan sì ti já. Èyí tó já ló kàn án. Bọ́ọ̀lù kejì tí Ìjì jù sí i bà lé Àlejò. Mo gbọ́ ìró rẹ̀ kí n tó rí i. Àgbọ̀n ló ti bá a. Ó kúnlẹ̀, ó tutọ́, eyín bá ẹ̀jẹ̀ jáde. Èmi ni mo sún mọ́ ọn jù, èmi ni mo di orí rẹ̀ mú. Nígbà tí mo gbójú sókè, Ìjì ṣì dúró síbi tó ti ju bọ́ọ̀lù, ó fọwọ́ bo ẹnu.

Wọ́n gbé Kaṣíà lọ, a sì tẹ̀ síwájú. A borí. Rẹfirí, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́, pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bi mí bóyá ilẹ̀ dáa. Mo ní ó dáa.

Tọ́sìdeè, 6 oṣù Kẹrin

Kaṣíà wá sí ṣọ́ọ̀bù. Eyín méjì ti lọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣì wú. Ó ní kí n di irun náà kó wálẹ̀ bo ẹ̀gbẹ́ ojú òun, torí pé àwọn tó ń wá gbowó ní báńkì ń bi òun bóyá ọkọ òun ló na òun. Ọkọ rẹ̀, ọkùnrin tí kì í lè pa aáyán.

Mo tọrọ àforíjì. Ó fọwọ́ dá mi dúró.

"Àǹtí, ta ló fẹ́ bá yín jà? Bọ́ọ̀lù ni. Àbúrò yín mọ̀ ọ́n jù ju bẹ́ẹ̀ lọ, mi ò rí irú ẹ̀ rí. Tí wọn ò bá mú un, a jẹ́ pé ojú wọn fọ́ nìyẹn."

Ọwọ́ mi dúró nínú irun rẹ̀. Ó bi mí bóyá ó ti tán. Mo ní ó ku díẹ̀. Mi ò gbowó lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì dúpẹ́ títí tó fi dé ẹnu ọ̀nà. Ká ní ó bú mi ni, ara ì bá tù mí.

Sátidé, 8 oṣù Kẹrin

Òjò. A ò gbá. Ọlọ́run ṣeun.

Túsìdeè, 11 oṣù Kẹrin

Mo mú ọkọ mi lọ sí pápá kó lọ hú ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ dí. Ó fi òòlù kàn án. Ó ti di òkúta. Òjò Sátidé ti mú kí amọ̀ tó yí i ká wọlẹ̀ díẹ̀, etí rẹ̀ wá yọ sókè bí etí àwo. Bọ́ọ̀lù tó bá kọlu etí yẹn, kò sẹ́ni tó lè sọ ibi tó ń lọ. Ọkọ mi ní òun lè fọ́ ọ, àmọ́ ìdajì àárín á bá a lọ, a ò sì ní lè gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ mọ́ títí sáà á fi parí. Mo ro ti ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n. Mo ní kó fi sílẹ̀.

Mo sọ ọ́ fún Àǹtí Tíṣà. Ó ní ilẹ̀ kan náà ni gbogbo wa ń gbá a lé, ṣé a di àwọn tó kù lọ́wọ́ kí wọ́n má jù láti ẹ̀gbẹ́ ògiri ni? Mo ní àwa la mọ ibi tó wà. Ó ní kéèyàn mọ ilé ara rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn létí mi.

Sátidé, 15 oṣù Kẹrin

Ìka ọwọ́ òsì mi ti kán, èyí tí mo fi òrùka sí. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń kọ̀wé, ìyẹn ni mo ṣe lè kọ èyí.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, mo ní kí Ìjì máa jù láti ẹ̀gbẹ́ géètì, kí bọ́ọ̀lù rẹ̀ má bàa kan Àlejò rárá. Balógun ló sọ̀rọ̀, ó ní láti gbọ́. Ikọ̀ tó wá bá wa gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ káàkiri bí aṣọ àgbálù. Kò mú ẹnì kankan jáde. Àwọn ọmọ ikọ̀ ń wo mí, Àǹtí Tíṣà sì rọra sọ fún mi pé ìjà ilé kì í wọ pápá. Mi ò lágídí tó bí mo ṣe rò. Mo dá a padà sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Bọ́ọ̀lù kẹta tó jù níbẹ̀ kọlu etí Àlejò, onípátákó tẹrí ba, èmi tí mo wà lẹ́yìn rẹ̀ ló bá.

Dókítà dì í, ó ní kí n má fi ṣe nǹkan kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Onídìrí ni mo pe ara mi fún un. Ó ní òun gbọ́.

Nígbà tí a délé, mo rò pé Ìjì á béèrè ìka mi. Ó kọ́kọ́ béèrè ẹ̀gbẹ́ géètì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀sẹ̀ méjì ló kù. Kí lẹ fẹ́ kí n fi han obìnrin yẹn?"

Mo ní eyín Kaṣíà ńkọ́?

"Èmi kọ́ ni mo ní kí wọ́n gbé sìmẹ́ǹtì wá."

Òótọ́ ló sọ. Ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn.

Wẹ́sìdeè, 19 oṣù Kẹrin

Màmá pè. Ìjì ti fẹjọ́ mi sùn. Màmá ní ṣé mo rántí pé òun fi ọmọ yẹn lé mi lọ́wọ́. Mo ní mo rántí. Ó ní ẹ̀gbọ́n ló ń la ọ̀nà fún àbúrò, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n ló ń gbé igi dínà. Mi ò sọ ọ̀rọ̀ eyín fún un. Tí mo bá sọ ọ́, á bẹ̀rẹ̀ àdúrà, káàdì rẹ̀ á sì tán ká tó dé àmín.

Oníbàárà mẹ́ta ti lọ bá onídìrí tó wà lókè títì. Ọmọṣẹ́ mi ń gbìyànjú, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ ò yá. Èmi ń ya irun, mo ń pàṣẹ, inú ń bí mi.

Fúráìdeè, 28 oṣù Kẹrin

Oòrùn gbígbóná. Ilẹ̀ á le lọ́la.

Mo kọ ọ́ síbí ní àárọ̀ pé mi ò tíì mọ ohun tí n ó ṣe. Mo ti pa á rẹ́. Mo mọ̀ ọ́n, ẹ̀rù ló ń bà mí. Ìjì fọ aṣọ eré rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó lọ̀ ọ́, ó fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó tún ti ń bá mi sọ̀rọ̀ láti àná. Ó bi mí bóyá ìka ń dùn mí, ó bá mi gé ẹran sí kéékèèké nínú àwo. Mi ò lè wo ojú rẹ̀.

Sátidé, 29 oṣù Kẹrin

Ikọ̀ àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ ló wá. Aláṣàyàn ti jókòó sábẹ́ agboòrùn kí a tó dé, obìnrin tín-ín-rín, dígí dúdú lójú. Rẹfirí ju owó ẹyọ sókè, èmi ni mo jẹ ẹ́. Ó bi mí bóyá pátákó la máa kọ́kọ́ dì mú tàbí bọ́ọ̀lù la máa jù.

"Bàbá, ilẹ̀ yìí ò dáa. Sìmẹ́ǹtì ni mo ní kí wọ́n fi dí ibẹ̀ yẹn. Lọ́jọ́ tí eyín ọmọ ọlọ́mọ yọ tẹ́ ẹ bi mí, irọ́ ni mo pa fún yín."

Ó gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ mi, ó rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó jù ú bí ọwọ́ àgbàlagbà ṣe lè jù ú mọ. Ẹ̀ẹ̀kejì ló tó bá ibẹ̀. Bọ́ọ̀lù náà fò kọjá orí balógun àwọn Akẹ́kọ̀ọ́, ọmọbìnrin tó ga jù mí lọ. Ó wo ilẹ̀, ó wo mí, ó sì yẹra lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí èèyàn ṣe ń yẹra fún olè.

Rẹfirí ní kò sẹ́ni tó máa gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ lónìí. Wọ́n pe àwọn Ilé Ìwòsàn, àwọn yẹn ní pápá àwọn ṣófo. Kò jìnnà, kankéré ni wọ́n tẹ́ sábẹ́ ẹní níbẹ̀, bọ́ọ̀lù kì í ṣe ségesège lórí rẹ̀. Gbogbo wa kó ẹrù. Aláṣàyàn wa ọkọ̀ rẹ̀ tẹ̀ lé wa. Àǹtí Tíṣà ò bá mi sọ̀rọ̀. Ìjì rìn kọjá lára mi bíi pé òpó iná ni mí.

Nítorí ìka mi, Àǹtí Tíṣà ló dúró lẹ́yìn igi. Mo dúró ní ìkangun pápá, mo ń gbàdúrà bí mi ò ṣe gbà á rí: Olúwa, mú ẹyọ kan péré jáde fún un. Ìjì sáré, ó jù ú, apá rẹ̀ ń yí dáadáa, ṣùgbọ́n ibì kan náà ló ń jù ú sí, tó bá sì dé ibẹ̀ á wá sí ìbàdí, àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ á sì gbá a lọ. Mo rí i tó ń wo ilẹ̀ lẹ́yìn bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan. Kò mú ẹnì kankan jáde.

Nígbà tó parí, Aláṣàyàn wá bá mi. Ó ní apá ọmọ náà dára. Ó ní àmọ́ ó ń ju bọ́ọ̀lù bí ẹni tí nǹkan rẹ̀ sọnù sílẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò mọ ohun tí mo ń dúpẹ́ fún.

Mọ́ńdè, 1 oṣù Karùn-ún

Wọ́n ti fagi lé gbogbo ìdíje tí a borí nílé. Ìsàlẹ̀ pátápátá la wà báyìí. Ọkọ mi àti àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ lọ fọ́ àárín lónìí. Ó ní sìmẹ́ǹtì yẹn dára o, kò sí ilé tí òun kọ́ tó le tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rín pa mí, lẹ́yìn náà mo sọkún.

Mo lọ sílé Kaṣíà, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní kí n máa lọ. Mo lọ.

Tọ́sìdeè, 4 oṣù Karùn-ún

Orúkọ àwọn tí wọ́n mú ti jáde. Kò sí tirẹ̀ níbẹ̀. Ó lọ síbi iṣẹ́ ní àárọ̀ yìí bó ṣe máa ń lọ.

Sọ́ńdè, 7 oṣù Karùn-ún

Mo ń tú òwú tó lọ́ pọ̀ lẹ́yìnkùlé, ọwọ́ kan àti eyín. Ìjì wá jókòó sórí àpótí níwájú mi. Ó gba òwú náà lọ́wọ́ mi, ó ń tú u.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ ń dúró lẹ́yìn igi fún mi látìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Lórí ilẹ̀ tó dáa, ṣé mo mọ̀ ọ́n jù?"

Láti kékeré ni mo ti ń sọ fún un pé kò sí irú rẹ̀. Mo sọ ọ́ nígbà tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ ò tíì dé ọ̀dọ̀ mi láìyí nílẹ̀, mo sọ ọ́ lọ́jọ́ tó mú márùn-ún jáde. Ọ̀rọ̀ yẹn ti wà lẹ́nu mi tán, mo kàn fẹ́ la ẹnu ni.

"Rárá," ni mo sọ. "O ò tíì mọ̀ ọ́n jù."

Kò sọkún. Ó tú òwú yẹn títí ó fi dé ìdí, ó wá bi mí pé kí ló kù. Mo sọ ọ́ fún un: ilẹ̀ lo ń wò, o kì í wo ẹni tó di pátákó mú. Ejìká rẹ ń já sílẹ̀ kó o tó ju bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Gbogbo bọ́ọ̀lù rẹ, ọ̀kan náà ni. Nǹkan wọ̀nyí, mo ti rí wọn fún ọdún púpọ̀, mi ò sì sọ ẹyọ kan rí.

Ó dìde, ó wọlé. Mo jókòó níbẹ̀. Ìgbà tó jáde, ó ti wọ bàtà, ó sì kó ìbọ̀wọ́ mi lọ́wọ́. Ó ní pápá àwọn Ilé Ìwòsàn máa ń ṣófo lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Mo ní ìka mi ò tíì jinná. Ó ní kí n máa fi ọwọ́ kan gbà á, òun ò ní jù ú le.

A lọ. Ó jù ú, mo gbà á, mo sọ ohun tí mo rí, ó tún jù ú. Lónìí, kò sí ẹyọ kan nínú bọ́ọ̀lù rẹ̀ tó lè mú ẹnikẹ́ni jáde, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un.